Èèwọ̀ Tó Bí Ẹgbẹ́ Ọkọ̀ Dírágónì

Mo ti ka ìtàn ẹgbẹ́ eléré ìdárayá púpọ̀, bákan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣe ń bẹ̀rẹ̀: àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ràn eré kan, wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra ohun èlò, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ. Ìtàn ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé èèwọ̀ ni ó bí i. Títí di ọdún 1996, ní ìlú Vancouver ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ohun tí àwọn oníṣègùn sábà máa ń sọ fún obìnrin tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn fún ni pé kí ó má ṣe fi apá ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ agbára mọ́ títí ayé rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbé ẹrù tó wúwo, kò sì gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun tí yóò máa mú apá náà lọ tí yóò máa mú un bọ̀ léraléra. Láti inú ìkìlọ̀ yìí ni ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Abreast In A Boat ti jáde, ọkọ̀ dírágónì àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n sì fi dán ìkìlọ̀ náà wò.

Mo mọ èèwọ̀ náà dáadáa, nítorí pé ó wọ ilé wa ní Ìbàdàn. Àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní Àǹtí, ń ta aṣọ ní ọjà Gbági nígbà tí àìsàn náà dé. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì kan tí ó fẹ́ràn wọn tọkàntọkàn jókòó tì wọ́n, ó sì ka gbogbo ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe mọ́: iyán gígún, omi fífà, ẹrù rírù, ọmọ gbígbé. “Ìyá, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yẹn máa sinmi o.” Ẹni tó bá mọ òwò aṣọ mọ̀ pé gbígbé ìdì aṣọ sọ̀kalẹ̀, títú u fún oníbàárà tí kò ní rà, àti dídá a padà sókè, ni iṣẹ́ náà gan-an, owó gbígbà kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Àǹtí fi ìsọ̀ lé ọmọ wọn lọ́wọ́. Àwa ará ilé sì ń sáré gba abọ́ lọ́wọ́ wọn, a ń sáré gba ìgbálẹ̀, ìfẹ́ ni a sì ka gbogbo rẹ̀ sí. Ọwọ́ náà sinmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń wò wọ́n kò lè sọ pé ẹni tó ni ọwọ́ sinmi.

Kí a má baà dá àwọn oníṣègùn lẹ́bi láìnídìí, ìkìlọ̀ náà ní ìdí. Abẹ́ abíyá ènìyàn kún fún àwọn kókó kéékèèké tí wọ́n ń sẹ́ omi tó ń ṣàn láàárín ẹran ara kí ó tó padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ọyàn sábà máa ń gbà kọjá nígbà tó bá fẹ́ tàn kálẹ̀, ìdí nìyí tí oníṣẹ́ abẹ fi máa ń yọ àwọn kókó náà, tí a sì tún lè fi ìtànṣán tọ́jú ibẹ̀. Bí ọ̀nà omi bá ti bàjẹ́ báyìí, omi lè kó jọ sínú apá, kí apá wú, kí ó wúwo, kí awọ rẹ̀ sì máa le. Wíwú náà lè dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó sì lè dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí ènìyàn ti gbàgbé pé òun ṣàìsàn. Bí ó bá sì ti dé, ó ṣòro láti lé lọ tán. Àwọn oníṣègùn rò ó pé iṣẹ́ agbára máa ń pe ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ wá sínú apá, pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ yóò mú omi púpọ̀ lọ́wọ́ wá, àti pé apá tí ọ̀nà àbájáde rẹ̀ ti dí yóò kún. Àlàyé náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n èrò ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìdánwò lọ.

Don McKenzie, oníṣègùn ní Yunifásítì British Columbia, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìlera àwọn eléré ìdárayá, ni ó gbé ìbéèrè dìde sí i. Ẹni tó bá ń tọ́jú àwọn eléré mọ̀ pé omi inú ẹran ara yìí kò ní ọkàn tí yóò máa tì í kiri bí ọkàn ti ń ti ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí iṣan bá ń sún kì tó sì ń nà, ó máa ń bá omi náà tì síwájú. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, iṣẹ́ lè ran apá náà lọ́wọ́. Láti mọ òtítọ́ rẹ̀, ó nílò eré kan tó ń lo òkè ara gidigidi, léraléra, tí kò sì ní pa obìnrin lára: eré tí a kì í kọlu ara ẹni nínú rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kì í ru ìwúwo ara, tí kálukú lè mọ ìwọ̀n agbára tí òun yóò lò, tí kò sì ṣeé dá ṣe. Ọkọ̀ dírágónì ní gbogbo èyí, ó sì wà nítòsí rẹ̀.

Bí ọkọ̀ náà ṣe dé ìtòsí rẹ̀ tún jẹ́ ìtàn lọ́tọ̀. Àwọn ará Ṣáínà a máa sọ pé ní nǹkan bí ọdún 278 ṣáájú ìbí Krístì, akéwì kan tí ó tún jẹ́ ìjòyè ní ilẹ̀ Chu, Qu Yuan, kó sínú odò Miluo nítorí ìbànújẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ tó ṣubú. Àwọn apẹja wa ọkọ̀ jáde kánkán láti wá a, wọ́n ń lu ìlù, wọ́n sì ń ju ìrẹsì sómi kí ẹja má baà jẹ òkú rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí rẹ̀, pẹ̀lú eré ọkọ̀ àti ìrẹsì tí wọ́n dì sínú ewé, UNESCO sì fi ayẹyẹ náà kún àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé ní 2009. Ọdún 1976 ni Hong Kong sọ eré náà di ìdíje àgbáyé, nígbà tí àjọ tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ níbẹ̀ pe ẹgbẹ́ kan láti Nagasaki ní Jàpáànù wá bá àwọn apẹja Hong Kong figagbága. Vancouver ṣe àfihàn àgbáyé Expo 86 ní 1986, àwọn ọkọ̀ náà bá a dé, eré náà kò sì kúrò ní ìlú náà mọ́. Àjọ àgbáyé tó ń ṣe àkóso eré náà, IDBF, dìde ní 1991. Nígbà tí McKenzie ń wá eré, ọdún mẹ́wàá ni èyí ti fi wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ọkọ̀ ìdíje náà gùn ju mítà méjìlá lọ, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ìjókòó mẹ́wàá ni ó wà nínú rẹ̀, ènìyàn méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn jẹ́ ogún alájẹ̀. Atukọ̀ dúró sí ìdí ọkọ̀, onílù jókòó síwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ó sì kọjú sí àwọn alájẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò náà ni pé onílù kọ́ ni olórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn méjì tó wà ní ìjókòó àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pinnu ìgbà tí àjẹ̀ yóò wọ omi. Onílù ń wo ọwọ́ wọn, ó sì ń lu ohun tó rí, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè máa gbọ́ ohun tí ojú wọn kò tó. Ìlù náà kì í ki ẹnikẹ́ni. Onílù gángan kan tí mo ṣàlàyé èyí fún bi mí léèrè pé ta wá ni yóò ná irú onílù bẹ́ẹ̀ lówó, n kò sì rí èsì fún un.

Ní oṣù Kejì ọdún 1996, obìnrin 24 tí wọ́n ti la jẹjẹrẹ ọyàn kọjá gbà láti wọ ìdánwò McKenzie. Kì í ṣe pé wọ́n mọ ọkọ̀ wà ni a fi mú wọn. Àìsàn ni ó pa wọ́n pọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi okun kún ara wọn lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sómi, wọ́n ń fi kún iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, a sì ń ṣàyẹ̀wò apá wọn. Wọ́n rí i kíákíá pé ẹni tó bá gbé gbogbo iṣẹ́ lé apá nìkan yóò rẹ̀ kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà, nítorí pé ẹ̀yìn, ìbàdí àti ẹsẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni agbára àjẹ̀ ti ń wá. Apá kàn ń gbé e dé omi ni. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n bá àwọn ẹgbẹ́ yòókù díje nínú omi False Creek, níbi ayẹyẹ ọkọ̀ dírágónì ìlú náà. Kò sí wíwú tuntun ní apá ẹnikẹ́ni nínú wọn. McKenzie kọ àbájáde náà sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà Kánádà ní 1998.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìwádìí yóò sọ pé obìnrin 24 kéré, pé kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí a fi wọ́n wé, àti pé ẹni tó bá fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún irú nǹkan báyìí lè ti lókun ju ẹni tó jókòó sílé lọ. Òótọ́ ni. Ẹ̀rí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ dé ní 2009, nígbà tí Kathryn Schmitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine. Obìnrin 141 tí apá wọn ti wú tẹ́lẹ̀ ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì; ọ̀wọ́ kan ń gbé irin díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àbójútó, ọ̀wọ́ kejì ń bá ìgbé ayé wọn lọ bí ó ti wà. Apá àwọn tó gbé irin kò wú ju ti àwọn yòókù lọ, wàhálà wíwú náà sì dínkù lára wọn. Ọdún mẹ́tàlá ni ó wà láàárín àwọn tó wọ ọkọ̀ àti ìwé tó fi ìdí ọ̀rọ̀ wọn múlẹ̀ báyìí. Èmi kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni dédé kúrò lórí ibùsùn ilé ìwòsàn kí ó lọ gbé odó. Díẹ̀díẹ̀ àti àbójútó ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwádìí méjèèjì. Ṣùgbọ́n “díẹ̀díẹ̀” yàtọ̀ sí “láéláé,” láéláé sì ni wọ́n sọ fún Àǹtí.

Ibi tí ìdánwò ti parí ni ìtàn ẹgbẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Oníṣègùn ti rí ohun tó ń wá, àwọn obìnrin náà sì lè dá àjẹ̀ padà kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀. Wọn kò lọ. Wọ́n sọ ara wọn di ẹgbẹ́, wọ́n ń gba àwọn tuntun wọlé, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ìlú mìíràn bí a ti ń ṣe é. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn yìí, orúkọ dókítà ni a máa ń fi síwájú, mo sì gbà pé ó tọ́ sí i, nítorí pé ìgboyà ni kí oníṣègùn bi èrò àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè. Síbẹ̀, lójú tèmi, ìdánwò lásán ni nǹkan náà ìbá jẹ́ bí kì í bá ṣe ti àwọn tó kọ̀ láti tú ká. Àwọn Yorùbá ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ogún alájẹ̀ yìí ti kọjá ogún ọdún, wọ́n ṣì wà lórí omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjókòó ń yí láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn, nígbà mìíràn nítorí ikú.

Ikú náà kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì gbìyànjú láti yọ ọ́. Níbi ìdíje wọn, lẹ́yìn eré àwọn tó la àìsàn náà kọjá, àwọn ọkọ̀ máa ń kóra jọ sójú kan, a ó dákẹ́, a ó sì ju òdòdó aláwọ̀ píǹkì sómi fún àwọn tó ti lọ. Àwọn ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé ti Vancouver ti ju 200 lọ káàkiri ayé, àjọ kan sì ń so wọ́n pọ̀ láti 2010. Wọ́n ti pàdé ní Vancouver ní 2005, ní Sarasota ní ìpínlẹ̀ Florida ní 2014, ní Florence ní Ítálì ní 2018, àti ní adágún Karapiro ní New Zealand ní 2023.

Mo ti rò ó títí bóyá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè wà ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà á kọ́kọ́ mẹ́nu ba omi, á ní ọmọ orí ilẹ̀ ni wá, pé kí a fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún àwọn Ìlàjẹ, fún àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti àwọn ará Makoko. Ṣùgbọ́n omi wà. Wọ́n parí ìdídò Ẹlẹ́yẹlé lórí odò Ọ̀nà ní 1942, àwọn apẹja sì wà níbẹ̀ títí di òní pẹ̀lú ọkọ̀ wọn. Yunifásítì Ìbàdàn ní adágún Awba, tí a dí ní 1964. Aṣéjire, lórí odò Ọ̀ṣun, ti ń fún ìlú lómi láti 1972. Ojú oró àti àwọn ewé omi mìíràn ti bo apá kan Ẹlẹ́yẹlé, ṣùgbọ́n ewé ṣeé kó. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn wa ni kò rọrùn láti kó. Àwọn tó dàgbà tó láti rántí omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 kì í fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan ń lọ ṣeré lórí omi, àwọn tí kò sì tíì dáyé nígbà yẹn rí tiwọn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011.

Síbẹ̀, omi kọ́ ni ìdènà tó tóbi jù. Àìsàn yìí ni a kì í dárúkọ. Ìlú tó ní Yunifásítì láti 1948, tó sì ti ń kọ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ní UCH láti 1960, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú Áfíríkà kò tíì ronú kan irú rẹ̀, ni a ti ń sọ pé “ara Màmá kò yá díẹ̀,” tí Màmá fi ń kú. Jẹjẹrẹ ọyàn ni ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ wọn sì ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí ó ti pẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tí ó kàwé gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980 kí ó tó di olókìkí ní Chicago, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìdí tí irú èyí tó burú jù nínú àìsàn náà fi ń mú àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní kékeré. Ìmọ̀ kò wọ́n wa. Ẹni tí yóò jókòó níta gbangba kí ayé wo òun, kí ó sì sọ pé òun wà lára wọn, ni ó wọ́n wa.

Ohun tí ọkọ̀ náà ṣe fún àwọn obìnrin Vancouver nìyẹn, yàtọ̀ sí ti apá. Ènìyàn kò lè farapamọ́ sínú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé. Kò sì sí ẹni tó ń wo ẹni kan ṣoṣo. Ogún ènìyàn ni wọ́n ń wò, wọ́n ń ṣiṣẹ́ agbára, wọ́n ń ṣe é dọ́gba, kò sì sí àyè fún àánú nínú rẹ̀. Àwa náà mọ bí a ti ń ṣe ẹgbẹ́. Ọjà tí kò ní ẹgbẹ́ kò sí ní Ìbàdàn, àdúgbò tí kò ní alájọ kò sí, aṣọ kan náà ni a sì ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú ẹni tí a kò mọ̀ dáadáa pàápàá. Ẹgbẹ́ tí a kò tíì rí ni èyí tí àìsàn jẹ́ ìwé ìwọlé rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ ti jẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ wọ́n, pé aṣọ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì sómi wọ́n, pé olùkọ́ kò sí nítòsí. Bí a bá ní kí a fi nǹkan mìíràn rọ́pò ọkọ̀, n kò ní janpata. Àmọ́ mi ò tíì rí ohun mìíràn tí ogún ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà kí ó tó rìn.

Mo fi àwòrán àwọn obìnrin alájẹ̀ náà han Àǹtí lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Ìbéèrè wọn àkọ́kọ́ ni pé ta ló ń bá àwọn obìnrin náà ṣọ́ ìsọ̀ nígbà tí wọ́n bá lọ sómi. Ìkejì ni bí gèlè ṣe ń dúró lórí nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìwádìí náà tán, wọ́n na apá wọn síwájú, wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò béèrè lọ́wọ́ dókítà nígbà tí àwọn bá padà lọ, àti pé bí ó bá jẹ́ òótọ́, iyán ni àwọn yóò kọ́kọ́ gún. Ti ọkọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní àwọn kò mọ̀wẹ̀, àwọn kò sì ní wọ Ẹlẹ́yẹlé níwọ̀n ìgbà tí ewé bá bo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ náà, nítorí pé àwọn mọ obìnrin méjì tí ó lè bá àwọn jókòó: ọ̀kan ní Mọ́kọ́lá, ọ̀kan nínú ìjọ wa gan-an. Mo mú bírò. Wọ́n dárúkọ ti Mọ́kọ́lá, wọ́n sì ní ti ìjọ wa yẹn, kí n má tíì kọ ọ́ sílẹ̀.